A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìtàn Akitiyan láti Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n Sin Ọmọnìyàn

Ìbéèrè nípa ẹni tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ fún, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́, ti wà nílẹ̀ kí orúkọ náà, ọgbọ́n àtọwọ́dá, tó dé. Ohun tí orúkọ yìí, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí AI, ń tọ́ka sí ni kí kọ̀ǹpútà máa ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ṣe é, làákàyè ni a ó ní ó lò: kí ó dá ojú mọ̀, kí ó gbọ́ èdè, kí ó sọ irú àrùn tó ń ṣe aláìsàn, kí ó yan ẹni tí ilé ìfowópamọ́ yóò yá lówó. Ọ̀rọ̀ tó gbòde láwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni pé kí a máa ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú àìní ọmọnìyàn àti ohun tí ọmọnìyàn kà sí iyebíye, bí òtítọ́, ìdájọ́ òdodo, àṣírí àti iyì ara ẹni. Bí ọ̀rọ̀ tuntun ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti lé ní 70 ọdún, ẹ̀kọ́ kan náà ló sì ń fara hàn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní: ẹ̀rọ tí a bá ṣe láìfi ọ̀rọ̀ lọ ẹni tí yóò kàn kì í bá àìní onítọ̀hún mu, bó ti wù kí ọkàn àwọn tó ṣe é mọ́ tó.

Ìkìlọ̀ àwọn aṣáájú

Lára àwọn tó tètè ké gbàjarè ni Norbert Wiener, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ lórí bí ìbọn ńlá ṣe lè ṣírò ibi tí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá yóò dé kí ọta tó bá a, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé ẹ̀rọ tó bá lè wo àbájáde iṣẹ́ ara rẹ̀, kí ó sì fi tún ìṣe rẹ̀ ṣe, lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbára àti lọ́wọ́ akọ̀wé bákan náà. Ìwé rẹ̀ Cybernetics, tó fi ìmọ̀ yìí lélẹ̀, jáde ní 1948. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kọ lẹ́tà sí Walter Reuther, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà, láti kìlọ̀ fún un pé ilé iṣẹ́ tí kò ní nílò òṣìṣẹ́ ń bọ̀ lọ́nà. Ó jẹ́ kó mọ̀ pé iléeṣẹ́ ńlá kan ti wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ òun lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òun sì ti kọ̀, ó sì rọ ẹgbẹ́ náà láti tètè gbọ́n sí ọ̀rọ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó tún kọ ìwé mìíràn fún àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò ní 1950, The Human Use of Human Beings, kí ọ̀rọ̀ náà má baà jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Nínú àpilẹ̀kọ tó tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní 1960, ó tọ́ka sí ibi tí ewu gan-an wà: bí a bá gbé iṣẹ́ fún ẹ̀rọ tó yára jù wá lọ, tí a kò sì lè tètè dá a dúró, àfi kó dá wa lójú pé ohun tí a rán an ni ohun tí a fẹ́ ní tòótọ́.

Orúkọ ọgbọ́n àtọwọ́dá fara hàn ní 1955, nínú àbá kan tí John McCarthy, Marvin Minsky, Nathaniel Rochester àti Claude Shannon kọ, pé kí ènìyàn 10 fi oṣù 2 ṣe ìwádìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ní 1956. Ohun tí wọ́n ń lé ni bí ẹ̀rọ yóò ṣe lè ṣe gbogbo ohun tí làákàyè ń ṣe. Ẹni tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe é fún kò sí nínú àbá náà. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tó yàtọ̀. J. C. R. Licklider, tí ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ṣọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 àkókò tí òun ń pè ní àkókò ìrònú ló ń bá wíwá àkọsílẹ̀, ìṣirò àti yíya àwòrán ìṣirò lọ. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1960, ó dábàá pé kí kọ̀ǹpútà gba wàhálà ìmúrasílẹ̀ yẹn, kí ìpinnu sì wà lọ́wọ́ ènìyàn. Nípa báyìí, ọ̀nà méjì ti ṣí sílẹ̀ kó tó di 1961: ẹ̀rọ tí yóò dípò ènìyàn, àti ẹ̀rọ tí yóò bá ènìyàn gbé ẹrù.

Ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí ewu ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Joseph Weizenbaum, tí ìdílé rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Júù, sá kúrò ní Jámánì ní 1936 nítorí ìjọba Hitler, tó sì di olùkọ́ ní MIT. Ní 1966, ó tẹ ìròyìn ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA jáde. Ohun tí ELIZA ń ṣe kò jinlẹ̀ rárá: bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ìyá òun kò fẹ́ràn òun, ètò náà yóò wá ọ̀rọ̀ tó mọ̀, irú bí "ìyá", nínú gbólóhùn yẹn, yóò yí "mi" padà sí "rẹ", yóò sì fi dá ìbéèrè padà, pé kí ẹni náà sọ̀rọ̀ sí i nípa ìdílé rẹ̀. Dókítà tó ń fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wo ọkàn ni wọ́n ní kó máa ṣe bí. Weizenbaum ròyìn pé akọ̀wé òun, tó mọ̀ dájú pé ètò kọ̀ǹpútà lásán ni, bẹ òun láti jáde nínú yàrá kí òun àti ẹ̀rọ náà lè sọ̀rọ̀ àṣírí, àti pé àwọn dókítà kan tilẹ̀ ń sọ pé irú rẹ̀ lè máa tọ́jú aláìsàn. Èyí ló mú kó kọ Computer Power and Human Reason ní 1976, ìwé tó fi jiyàn pé iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí a gbé fún kọ̀ǹpútà, ìbáà tilẹ̀ lè ṣe é, nítorí àánú àti ìrírí ẹni tó ti jẹ́ ènìyàn rí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ wà lára rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ Nọ́wè àti ẹ̀tọ́ láti dá sí i

Wiener àti Weizenbaum kìlọ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ọ̀mọ̀wé nìkan kì í yí ẹ̀rọ padà. Orílẹ̀-èdè Nọ́wè ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìkìlọ̀, tó di ẹ̀tọ́ tí a kọ sílẹ̀. Kristen Nygaard àti Ole-Johan Dahl, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí kọ̀ǹpútà ní Oslo, ti ṣe Simula ní àwọn ọdún 1960, èdè ìkọ̀wé-fún-kọ̀ǹpútà tí àwọn èdè tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò títí di òní jogún púpọ̀ lára rẹ̀. Simula lè ṣe àfarawé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nínú iléeṣẹ́, Nygaard sì rí i pé àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ lè fi irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún iṣẹ́ tò, kí wọ́n sì fi máa ṣọ́ òṣìṣẹ́, láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò fi ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu; ó tọ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin àti ohun èlò irin lọ, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tó parí ní 1973.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ló sọ ọ́ di ohun ìrántí. Èrò àkọ́kọ́ ni pé àwọn onímọ̀ yóò yẹ kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ wò, wọn yóò kọ ìròyìn, ẹgbẹ́ yóò sì kà á. Láìpẹ́, ó hàn gbangba pé ìròyìn tí ẹlòmíràn kọ kò fún òṣìṣẹ́ ní agbára kankan. Wọ́n yí ètò padà: àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ nínú iléeṣẹ́ ló wá ń ṣe ìwádìí fúnra wọn, wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ ìṣòro tí wọ́n rí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀gá ṣe. Nygaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá pinnu pé ohun tí àwọn yóò máa pè ní àbájáde ìwádìí ni ìgbésẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá gbé nítorí ohun tó kọ́, kì í ṣe ìwé tí onímọ̀ kọ. Èso rẹ̀ kò pẹ́ kó tó yọ: ní 1975, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àpapọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn káàkiri orílẹ̀-èdè nípa ètò kọ̀ǹpútà. Àdéhùn náà sọ pé kí ọ̀gá fi tó òṣìṣẹ́ létí ní àkókò tó tó, kí ètò tó di ohun tí kò ṣeé yí padà mọ́. Kí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà yóò gbọ́. Kí òṣìṣẹ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yan aṣojú tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Òfin ibi iṣẹ́ tí Nọ́wè ṣe ní 1977 fi ìdí ìlànà yìí múlẹ̀.

Swídìn àti Dẹ́nmáàkì gbé iṣẹ́ náà síwájú. Láàárín 1981 àti 1985, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ní àwọn orílẹ̀-èdè ìhà àríwá Yúróòpù àti àwọn onímọ̀ bíi Pelle Ehn, Susanne Bødker àti Morten Kyng jọ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ní UTOPIA. Àwọn tó ń to ojú ewé ìwé ìròyìn ni ọ̀rọ̀ náà kàn: ọ̀bẹ àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń gé ọ̀rọ̀ àti àwòrán, tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé, kọ̀ǹpútà sì ti ń kanlẹ̀kùn láti gba iṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kọ àlàyé ètò kọ̀ǹpútà sórí ìwé pẹ̀lú àwòrán onílà àti ọfà, kò sì yé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi mọ iṣẹ́ wọn. Ni wọ́n bá mú páálí àti pákó, wọ́n fi kan àfarawé kọ̀ǹpútà: ìwé lásán ni wọ́n lẹ̀ sójú rẹ̀ bí ẹni pé ó ń tan ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà sára àpótí páálí tó ṣófo. Òṣìṣẹ́ yóò jókòó síwájú rẹ̀, yóò ṣe bí ẹni ń to ojú ewé, bí ó bá ti dé ibi tí ètò náà dí i lọ́wọ́, yóò sọ ọ́, wọn yóò sì fi ìwé mìíràn tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lọ dán àbájáde iṣẹ́ náà wò ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Aftonbladet ní Stockholm. Ètò kọ̀ǹpútà tó ti inú rẹ̀ jáde kò gba ọjà kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é tàn ká àgbáyé.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ Nọ́wè àti Swídìn fi hàn ni pé òwe yìí kan kọ̀ǹpútà bó ti kan abẹ, àti pé olórí tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ́nu láti sọ pé kí afárí dáwọ́ dúró.

Ọgbọ́n tí kò rí ibi gúnlẹ̀ sí

Ní àkókò kan náà, ìtàn mìíràn ń lọ ní Yunifásítì Stanford, tó fi hàn pé ọgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kò tó. Edward Shortliffe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe MYCIN, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba dókítà nímọ̀ràn lórí àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ àti àrùn yírùnyírùn, èyí tí í mú awọ tó bo ọpọlọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òfin tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn àgbà dókítà ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ní bí kòkòrò àìfojúrí kan bá rí bí ọ̀pá, tó sì ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú báyìí báyìí. Shortliffe mọ̀ pé dókítà kò ní gba ìmọ̀ràn tí kò mọ orísun rẹ̀, nítorí náà ó ṣe é kí dókítà lè bi ẹ̀rọ náà ìdí tó fi ń béèrè ohun kan àti bó ṣe dé orí ìpinnu rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì ka òfin tó lò fún un. Nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1979, àwọn onídàájọ́ tí kò mọ ẹni tó kọ ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ti MYCIN ní ìdá 65 nínú 100, wọ́n sì fọwọ́ sí ti àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìṣègùn márùn-ún ní ìdá 42.5 sí 62.5.

Síbẹ̀, MYCIN kò di irinṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Títẹ ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ ń gba àkókò tí dókítà kò ní, kò sí ohun tó so ó pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ aláìsàn, kò sì sí ìdáhùn sí ìbéèrè nípa ẹni tí yóò jẹ́jọ́ bí ìmọ̀ràn rẹ̀ bá ṣi aláìsàn lọ́nà. Ibi tí Shortliffe ti ro ti dókítà mọ́ ọn, ìyẹn agbára láti ṣàlàyé ara rẹ̀, ni ìtàn ṣì ń yìn ín fún. Ibi tí a kò ti ro ti iṣẹ́ òòjọ́ ilé ìwòsàn mọ́ ọn ni ó sì ti kọsẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ nìkan ni a lè gbàgbé nígbà tí a bá ń ṣe ẹ̀rọ; a lè gbàgbé àwọn ènìyàn kan pẹ̀lú. Ní 1996, àwọn onímọ̀ méjì, Batya Friedman àti Helen Nissenbaum, to ọ̀nà mẹ́ta tí ojúsàájú ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà: èyí tó ti wà láwùjọ kí ẹ̀rọ tó dé, èyí tí ìdíwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń mú wá, àti èyí tó ń yọjú nígbà tí àwọn tí a kò ṣe ẹ̀rọ fún bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Friedman ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti máa béèrè, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn wo ni ẹ̀rọ yóò kàn, pẹ̀lú àwọn tí kò ní fọwọ́ kàn án rárá ṣùgbọ́n tí ìpinnu rẹ̀ yóò bá.

Ojú tí ẹ̀rọ kò rí dáadáa

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dé ní 2018. Joy Buolamwini, ọmọ àwọn òbí tó wá láti Gánà, àti Timnit Gebru, tí wọ́n bí ní Addis Ababa, yẹ ètò mẹ́ta wò, ti Microsoft, ti IBM àti ti Face++, tó ń wo ojú ènìyàn kó sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àwòrán 1,270 ni wọ́n kó jọ láti ilé aṣòfin Rùwáńdà, Sẹ̀nẹ̀gà, Gúúsù Áfíríkà, Iceland, Finland àti Swídìn. Àṣìṣe tó pọ̀ jù lórí ọkùnrin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ju ìdá 0.8 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé ìdá 34.7. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn àwòrán tí a fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò ní irú obìnrin yìí tó. Inioluwa Deborah Raji, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Canada, darapọ̀ mọ́ Buolamwini láti tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ti dárúkọ ti dín àṣìṣe wọn kù gidigidi, ṣùgbọ́n àwọn méjì tí wọn kò tíì yẹ̀ wò rí, Amazon àti Kairos, ṣì ń ṣi obìnrin aláwọ̀ dúdú mọ̀ púpọ̀. Ìyàtọ̀ náà fi hàn pé àyẹ̀wò gbangba láti ọwọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ń mú ẹ̀rọ dára sí i.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lónìí tún gbé ìbéèrè kan náà wá ní aṣọ mìíràn. Ọ̀nà kan tí wọ́n gbà ń fi ìwà tó yẹ kọ́ wọn ni kí àwọn ènìyàn fi ìdáhùn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wéra, kí wọ́n sọ èyí tó dára jù, kí a sì fi ìdájọ́ wọn tún ẹ̀rọ náà kọ́. Ní 2022, iléeṣẹ́ OpenAI ròyìn pé ẹ̀rọ kékeré tí a kọ́ báyìí, tó ní òǹkà bílíọ̀nù 1.3 tó ń pinnu ìdáhùn rẹ̀ nínú, tẹ́ àwọn tó ń dájọ́ lọ́rùn ju ẹ̀rọ ńlá tó ní bílíọ̀nù 175 tí a kò kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìròyìn kan náà sọ ọ́ gbangba pé nǹkan bí ènìyàn 40 ló ṣe ìdájọ́ yìí, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń sọ, àti pé Amẹ́ríkà tàbí ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ń gbé. Bí a bá ní ẹ̀rọ ti gba ìwà ọmọnìyàn, ìtàn yìí kọ́ni láti béèrè irú ọmọnìyàn tó fi ìwà náà hàn án.

Ti Yorùbá àti ti Áfíríkà

Àwọn Yorùbá ti mọ adùn àti ìkorò ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ìlànà àmì lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà ní àyè fún àmì 128 péré; kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí àmì ohùn. Títí di òní, fáwẹ̀lì Yorùbá tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní àyè tirẹ̀ nínú ìlànà tó gbòòrò jù, àpólà ni a fi ń kàn án pọ̀, ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yẹ̀ lórí fóònù kan tí kò yẹ̀ lórí òmíràn. Tunde Adegbola àti àjọ Alt-i ní Ìbàdàn kò dúró de ẹlòmíràn: wọ́n ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá àti lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ èdè náà. Àwọn onímọ̀ káàkiri Áfíríkà tó para pọ̀ di Masakhane tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 2020 lórí ìtumọ̀ èdè láti ọwọ́ kọ̀ǹpútà, nínú èyí tí wọ́n fi iṣẹ́ lórí èdè tó lé ní 30 hàn. Àwọn tó ń sọ èdè wọ̀nyí, títí kan ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kópa nínú kíkó ọ̀rọ̀ jọ àti nínú dídájọ́ ìtumọ̀. Ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ irin gbà ní Nọ́wè ní nǹkan bí 50 ọdún ṣáájú ni wọ́n tún gbà.

Àwọn ìjọba náà ti ń sọ̀rọ̀. Orílẹ̀-èdè 193 tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ UNESCO nígbà náà fọwọ́ sí ìlànà lórí ìwà tó yẹ ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ní oṣù kọkànlá 2021, Nàìjíríà ṣe òfin ìdáàbòbò dátà ní 2023, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí AI sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ìtàn tí a ti tọ̀ yìí fi hàn pé agbára àdéhùn Nọ́wè kò sí nínú ọ̀rọ̀ dídùn nípa iyì ọmọnìyàn. Ó wà nínú ohun mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ lè béèrè fún kí wọ́n sì rí gbà: ìròyìn tó dé kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lọ́wọ́, àlàyé ní èdè tó yé wọn, àti aṣojú tí àwọn fúnra wọn yàn.

Kò sí èyí tó ṣòro láti béèrè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì, olùkọ́, oníṣòwò àti awakọ̀ ti ní ẹgbẹ́ tó lágbára, tó sì ní olóyè tí a yàn. Kí ilé ìwòsàn tó gba ẹ̀rọ tí yóò máa sọ aláìsàn tí a ó kọ́kọ́ tọ́jú, kí ilé ẹ̀kọ́ tó gba èyí tí yóò máa ka ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́, kí ilé ìfowópamọ́ tó gba èyí tí yóò máa yan ẹni tó yẹ fún ẹ̀yáwó, ẹgbẹ́ wọ̀nyí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹni tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, pé kí àwọn ọ̀gá ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, kí ọmọ ẹgbẹ́ sì wà nídìí àyẹ̀wò rẹ̀ kí àwọn ọ̀gá tó sanwó. Bí wọ́n bá béèrè ní ìgbà tí àyè ìyípadà ṣì wà, ẹ̀rọ náà yóò gba ìwà àwọn tó ń lò ó. Bí wọ́n bá dákẹ́ di ìgbà tí àwọn ọ̀gá ti rà á tán, àwọn ni yóò máa yí ìwà ara wọn padà kí ó lè bá ẹ̀rọ mu.